Bí Mo Ṣe Lọ sí Àbújá Láti Jẹ́rìí Pé N Kì í Ṣe Ìyàwó Dípọ̀

Ẹ̀yin ará Ìkìrun tí ẹ máa ń pe orúkọ Àbújá bí ẹni pé ẹnu ibodè ọ̀run lẹ ń dárúkọ, ẹ fún mi láyè kí n sọ tèmi. Mo gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mo kúrò níbẹ̀, mo sì tún padà lọ lo ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá ní mo ń bu ìlú onílùú, kó wọ ọkọ̀ kó lọ wò ó fúnra rẹ̀.

Ohun tó gbé mi lọ kò ṣòroó sọ, ìtìjú rẹ̀ ló pọ̀. Dípọ̀, tí púpọ̀ nínú yín mọ̀, ti wà nílùú òyìnbó láti ọdún méjì. N kò ní dárúkọ ìlú náà, kí wọ́n má baà rò pé mo ń wá ojúure wọn. Dípọ̀ fẹ́ kí n wá bá òun. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀ gidigidi, nítorí mo ti dàgbà ju ẹni tí yóò máa fi fóònù ṣe ọkọ lọ. Ṣùgbọ́n a kò ṣègbéyàwó. Obìnrin tí Dípọ̀ fi òrùka fẹ́ ní kóòtù nígbà tó ṣì kéré ti kó ẹrù jáde kí n tó mọ̀ ọ́n rárá, àmọ́ ó kọ̀, kò fọwọ́ sí ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Ọdún kẹfà nìyí tí adájọ́ ń sún ẹjọ́ náà síwájú. Bí Dípọ̀ bá fẹ́ mi lábẹ́ òfin lónìí, ẹ̀wọ̀n ló fi ń ṣeré yẹn.

Àwọn òyìnbó ní ọ̀nà tí wọ́n là fún irú àwa yìí. Wọ́n ní bí ọkùnrin àti obìnrin bá ti jọ gbé bí tọkọtaya fún ọdún méjì, tí wọn kò sì ṣègbéyàwó, ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún èkejì láti gba ìwé ìwọ̀lú. Alábàágbé ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á dáadáa o: kí ẹ gbé bí tọkọtaya, kí ẹ má sì jẹ́ tọkọtaya, kí àwọn ẹlòmíràn wá kọ̀wé jẹ́rìí sí méjèèjì. Ó dá mi lójú pé ẹni tó ṣe òfin yẹn kò ní àna.

Dípọ̀ kìlọ̀ fún mi lórí fóònù bí ẹni tó ń kìlọ̀ fún ọmọ iléèwé, èmi tí mo jẹ́ olùkọ́.

"Mojí, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ 'ìyàwó' sínú lẹ́tà kankan. Ẹyọ kan ṣoṣo ti tó láti bà á jẹ́. Wọ́n á ní mo fẹ́ ìyàwó méjì, wọ́n á ní irọ́ ni mo ń pa."

Ó ní lẹ́tà tòun ti gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ bá wọn ní tiẹ̀, kí n má yọ ara mi lẹ́nu nípa ìyẹn. Ọdún mẹ́rìndínlógún lòun fi ṣe iṣẹ́ ìjọba, òun mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Èmi ni kí n lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí méjì: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní Jahi, àti bàbá onílé wa ní Kabusa.

Ojú ọ̀nà

Ọkùnrin kan jókòó tì mí nínú ọkọ̀ láti Òṣogbo. Ọmọlúàbí ni, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó bù nínú àkàrà mi, èmi náà bù nínú ẹ̀pà rẹ̀. Ó sọ ìtàn gbogbo ìdílé rẹ̀ fún mi títí kan àrùn ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí a kọjá Lọ́kọ́ja, ó na ọwọ́ sínú báàgì, ó mú káàdì ìdánimọ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ jáde, ó fi kọ́ ọrùn. Láti ìgbà náà, kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Mo bi í bóyá a ti sún mọ́ Gwagwalada, ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, ó sì wo ojú fèrèsé.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí. Bí ẹ bá dé Àbújá, ẹ óò rí káàdì lọ́rùn gbogbo ènìyàn: níbi tí wọ́n ti ń ra tòmátò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìsìnkú. Ó dà bí ẹni pé bí wọ́n bá bọ́ ọ sílẹ̀, wọ́n lè gbàgbé ẹni tí wọ́n jẹ́. Títì wọn fẹ̀, mo gbà. Ó fẹ̀ débi pé ẹni tó wà lódìkejì kò lè gbọ́ ìkíni rẹ, inú rẹ̀ sì dùn sí i bẹ́ẹ̀.

Jahi

Àǹtí Rónkẹ́, ẹ̀gbọ́n Dípọ̀, ń gbé inú ẹsiteeti tuntun kan ní Jahi, níbi tí gbogbo ilé ti jọra bí ọmọ ìyá kan. Ọ̀gá ni ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan. Mo kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ dìde, ẹ dìde, táìlì yẹn tutù."

Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì jókòó sórí àga gbọọrọ, wọ́n ní "Gúdù ífíníìn mà," wọn kò sì gbé ìdí. Mo fi Yorùbá bi àgbà inú wọn bóyá ó ti dé kíláàsì kẹrin. Ó gbọ́ ohun tí mo sọ, nítorí ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló wò kó bá òun dáhùn. Àǹtí ní, "Wọ́n máa ń gbọ́ ọ dáadáa, wọn ò kàn kí ń sọ ọ́ ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ipò kìíní tí ọmọ rẹ̀ gbà.

Ní ti oúnjẹ, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ebi pa yín lọ́dọ̀ olówó Àbújá. Òkèlè ni wọ́n ń pè ní súwálò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń lo oògùn. Láàárọ̀, wọ́n po ọkà òyìnbó kan tó rí bí ẹ̀kọ tí kò jinná fún mi. Wọ́n ní ó dára fún ọkàn. Ọkàn mi kò ráhùn fún ẹnikẹ́ni kí n tó débẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo dúpẹ́, mo sì lọ ra másà, àkàrà ìrẹsì àwọn Haúsá, lẹ́nu géètì lọ́wọ́ obìnrin Haúsá kan tó kí mi ní "Sànnu, hajiya" ju bí gbogbo ẹsiteeti náà ṣe kí mi lọ.

Mo ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà. Mo rò pé yóò ṣòro fún Àǹtí. Fún ọdún mẹ́ta tí mo fi wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, kò pè mí ní orúkọ rí. Ìyàwó wa lónìí, ìyàwó wa lọ́la. Mo rò pé yóò ní, ha, báwo ni n óò ṣe fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ìwọ kì í ṣe ìyàwó wa?

Tíì mi kò tíì tutù tó fi tẹ̀ ẹ́ tán lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó gbé ojú gíláàsì wọ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi sí Yorùbá, kó lè yé mi, ó ní, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni mo fi ń kọ́ ọmọ àwọn ẹlòmíràn.

"Ìdílé wa kò mọ obìnrin yìí sí ìyàwó. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ òbí rẹ̀. A kò san ohun ìdána kankan lórí rẹ̀. Ó kàn ń bá àbúrò mi gbé ni." Ó wò mí. "Ó péye, àbí?"

"Ó péye, mà."

"Òtítọ́ sì ni. Ẹ ò ní lè sọ pé mo parọ́."

Ọ̀rẹ́ ìyàwó àkọ́kọ́ Dípọ̀ ni Àǹtí Rónkẹ́, wọ́n jọ lọ iléèwé ni. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò wá tọrọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ fún un. Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò lè sọ̀kalẹ̀ wá jẹ oúnjẹ alẹ́.

Apo

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ irọ́ tèmi náà kí n tó tẹ̀síwájú, nítorí ẹlẹ́gbin kì í mọ òórùn ara rẹ̀. Bàbá Alhaji, onílé wa, ará Ìsẹ́yìn ni. Mẹkáníìkì ni ní abúlé mẹkáníìkì tó wà ní Apo. Ibẹ̀ ló ti fi ẹ́ńjìnnì kọ́ ilé ní Kabusa. Òfin kan ló wà nínú ilé náà: kì í gba àpọ́n, kì í sì í gba obìnrin tí kò ní ọkọ. Lọ́jọ́ tí a lọ wo yàrá, Bàbá wo èmi àti Dípọ̀, kí n tó la ẹnu, Dípọ̀ ti ní, "Ìyàwó mi rè é, sà." Mo kúnlẹ̀. Ó parí nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ni gbogbo àdúgbò fi ń pè mí ní Ìyàwó, mo sì ń jẹ́ ẹ.

A máa ń fi bàbá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ nínú yàrá wa, èmi àti Dípọ̀. A ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nìkan ló gbọ́n sí. A ní bó bá rí i pé ẹyẹ méjì bà sórí páànù rẹ̀, yóò béèrè ìwé ìgbéyàwó lọ́wọ́ wọn.

Mo dé Apo lọ́sàn-án. Òórùn epo dúdú gba gbogbo ibẹ̀, òòlù ń dún lára irin lọ́tùn-ún lósì. Bàbá wà lábẹ́ ọkọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ó gbọ́ ohùn mi, ó yọ́ jáde.

"Kai! Ìyàwó! Ìyàwó Dípọ̀ rè é o!" Ó ń ké sí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. "Sànnu da zùwà! Ẹ bá mi fún ìyàwó wa ní bẹ́ǹṣì!"

Èyí ni ẹni tí mo fẹ́ sọ fún pé n kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni. Mo ní mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. A jókòó sẹ́yìn táńkì kan tó ti dógùn-ún, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ìyàwó àkọ́kọ́, ẹjọ́, irọ́ tí a pa fún un, lẹ́tà tí mo ń wá. N kò gbójú sókè títí mo fi sọ ọ́ tán.

Bàbá fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ parọ́ fún mi," ó ní.

"A parọ́, sà. Ẹ forí jì wá."

"Nínú ilé tí mò ń kírun sí."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mo ti forí jì yín. Ṣùgbọ́n ohun tí o ní kí n kọ yẹn, mi ò lè kọ ọ́. Ohun tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi pè ẹ́ ní ìyàwó. Kí n wá fi bírò mi kọ ọ́ sí òyìnbó pé àlè ni ẹ́? Bàbá rẹ wà láyé, àbí kò sí?"

"Ó ti kú, sà."

"Ìyẹn ló wá burú jù. Kò sí ẹni tó máa bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ rẹ."

Omijé dé ojú mi. Mo sọ fún un pé bí kò bá kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí ìwé ilé tó wà lọ́wọ́ wa, "Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin" ló wà lórí rẹ̀. Ó dìde, ó lọ mú ìwé gbọọrọ kan wá, irú èyí tó fi ń kọ àìsàn ọkọ̀ fún ẹni tó ni ín.

"Bí wọ́n bá gbé mọ́tò wá, tí mi ò bá tíì tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀, mi ò kí ń kọ ọ́ pé ó dáa, mi ò sì kí ń kọ ọ́ pé kò dáa. Ohun tí mo fojú rí àti ohun tí mo fetí gbọ́ ni mò ń kọ. Ìwé yín, mi ò tú u wò rí. Ó yé ẹ?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà ńláńlá, ìlà kan fún ọ̀rọ̀ kan, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kọ ti ọkọ̀. Pé ọkùnrin yìí àti obìnrin yìí gbé inú yàrá kan náà nínú ilé òun fún ọdún mẹ́ta. Pé ibùsùn kan ni wọ́n gbé wọlé. Pé òun máa ń gbọ́ ìjà wọn, ìjà ẹni tí kò ní í lọ ni. Pé nígbà tí ibà dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀, obìnrin náà ló gbé e sí ẹ̀yìn ọ̀kadà tó sì dì í mú títí dé ọsibítù. Pé nígbà tí ọkùnrin náà lọ, obìnrin náà kò tan iná yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta, òun sì sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n dín ariwo rédíò kù. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé òun kò mọ ohun mìíràn. Ó fọwọ́ sí i, àmì ìka rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dúdú.

N kò mọ̀ pé ó mọ̀ nípa iná yẹn. N kò sọ ọ́ fún Dípọ̀ pàápàá. Ojú tì mí fún gbogbo yẹ̀yẹ́ tí a ti fi bàbá náà ṣe, mo sì sọ fún un pé kó bá mi gba àdúrà kí n tó máa lọ.

Ọ́fíìsì

Ẹ ti gbọ́ pé òyìnbó mọ ìwà hù. Mo lọ wá ìwà náà ní ọ́fíìsì ìwé ìwọ̀lú wọn, n kò rí i. Ọmọ Nàìjíríà ni gbogbo ẹni tó ń jágbe mọ́ wa níbẹ̀: èyí tó ní kí a má fara ti ògiri, èyí tó ní kí a pa fóònù, èyí tó gba ìgò omi lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan. Gbogbo wa jókòó, a wọṣọ Sunday, a ń rẹ́rìn-ín sí ara wa. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ọmọbìnrin tó pè mí sí ojú gíláàsì kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Imú ló fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ka lẹ́tà Àǹtí Rónkẹ́, ó mi orí. Ó ka ti Bàbá Alhaji lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibi ìjà. Ó ní èyí dára gan-an. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo ti ń rò ó pé aṣọ òtútù wo ni n óò kọ́kọ́ rà.

Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń kà, ó sì dúró. Ó bi mí: "Ṣé ìyàwó onígbọ̀wọ́ yín ni yín?"

"Rárá," mo ní. "Alábàágbé rẹ̀ ni mí."

"Ẹ kò ṣe ìgbéyàwó kankan, ti ìbílẹ̀ tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì?"

"A kò ṣe."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kẹrin. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni mo fi jẹ ọkà òyìnbó Àǹtí Rónkẹ́ láì ráhùn.

Ìlà ìkẹyìn

Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí bóyá wọ́n fún mi. Wọn kò fún mi. Ẹ lè dẹ́kun ìbéèrè báyìí.

Ọmọbìnrin kan náà ló gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́ láti abẹ́ gíláàsì. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, imú kò sì sí nínú ohùn rẹ̀ mọ́: "Ẹ má bínú, mà. Ẹlẹ́rìí yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ ka ojú ewé kejì."

Mo kà á lábẹ́ igi kan níta. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí kan sọ pé a kò ṣègbéyàwó, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀, tí ó ní ìyàwó mìíràn lábẹ́ òfin, sọ ohun tó yàtọ̀. Wọn kò mọ èyí tí wọn yóò gbà gbọ́. Wọ́n wá da ìlà ìkẹyìn nínú lẹ́tà Dípọ̀ kọ síbẹ̀: *Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi ti dúró pẹ́ jù.*

Ẹni tó kìlọ̀ fún mi. Ẹni tó kìlọ̀ fún gbogbo ayé. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀.

"Dípọ̀, kí lo kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ?"

"Ìsàlẹ̀ wo?"

"Ìlà ìkẹyìn."

"Mo kọ alábàágbé síbi mọ́kànlá," ó ní. "Mo kà á. Nígbà tí mo wá dé ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣe é fi bẹ̀bẹ̀. Mo kọ ọ́ bó ṣe wá sí mi lọ́kàn, mo ní màá padà tún un ṣe. Mi ò padà tún un ṣe. Mi ò mọ̀ bóyá mo gbàgbé, Mojí."

Mo bú u. Kò sí èébú tí a ń bú ọmọ Ìkìrun tí n kò bú u lábẹ́ igi yẹn. Mo ní òpè ni. Mo ní ọdún mẹ́rìndínlógún tó fi ṣe iṣẹ́ ìjọba, abájọ tí ìjọba fi rí bó ṣe rí. Mo ní mo ti kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ti tú ara mi sí ìhòòhò níwájú bàbá onílé, mo ti sẹ́ ẹ níwájú gíláàsì, nítorí kí òun lè fi ìlà kan ṣoṣo da gbogbo rẹ̀ nù. Àwọn ènìyàn tó ń kọjá, tòun ti káàdì lọ́rùn, ń wò mí. Mo ní kí wọ́n máa wò.

Ó jẹ́ kí n bú u tán. Nígbà tó rẹ̀ mí, ó ní:

"Ìyàwó mi, ṣé o ti jẹun?"

Mo fi ìwé náà bo ojú.

"N kò tíì jẹun," mo ní.